Ohun tí ń bẹ lẹ́yìn gíláàsì: bí píkíṣọ̀ tíúbù ṣe ń ya àwòrán

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo sọ níwájú àwọn tó ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe àti àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn, ní Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ̀yin àgbà tí a bá nídìí iṣẹ́ yìí, mo júbà o. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ wá bá wa jókòó, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ tí ẹ wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, tí àga ò kárí, ẹ kú ìdúró. Ọdún á yí po, a óò tún jọ rí ara wa níbí.

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ní kí n mú èyí tó bá wù mí. Èyí tó wù mí ni èyí tí àwọn èèyàn ti ń kó sọnù báyìí: oníbàǹtà ẹ̀yìn, tó jẹ́ pé èèyàn méjì ló ń gbé e wọlé, tẹlifíṣọ̀n onípíkíṣọ̀ tíúbù, ìyẹn ìgò gíláàsì ńlá tí àwòrán ti ń hàn lójú rẹ̀. Mo mọ ohun tí àwọn ọmọdé inú yín ń sọ nínú ara wọn. Ẹ ń sọ pé, "Ọ̀gá, ìyẹn ti kọjá lọ, pẹlẹbẹ la ń tún ṣe báyìí." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín: bí ẹ bá tú tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ, kí lẹ ń bá nínú rẹ̀? Bọ́ọ̀dù ni. Bí bọ́ọ̀dù bá bàjẹ́, ẹ óò yọ ọ́, ẹ óò fi òmíràn rọ́pò. Ta ló fojú rí iṣẹ́ tí bọ́ọ̀dù yẹn ń ṣe? Píkíṣọ̀ tíúbù kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ ló ṣeé tọ ipasẹ̀ rẹ̀, láti ọrùn títí dé ojú. Ohun tí mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ lẹ́nu mi lónìí kò ju ẹyọ kan lọ: ẹni tó bá mọ ọ̀nà tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, àwọn ẹyọ iná tó kéré jọjọ, ń gbà nínú tíúbù ti mọ ibi tí àìsàn wà kó tó mú súkúdíráfà. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, àbá ló ń dá, owó oníbàárà ló sì fi ń dá a.

Àwọn àgbà ní ohun tí ń bẹ lẹ́yìn ẹẹ́fà, ó ju èje lọ. Kí ló wà lẹ́yìn gíláàsì yẹn?

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́: àmì ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo

Bí ẹ bá ń wo ìròyìn lórí tẹlifíṣọ̀n onítíúbù, tí ẹ rí ojú ẹni tó ń kà á, ẹ óò rò pé odindi ojú yẹn ló wà lórí gíláàsì. Kò sí níbẹ̀ o. Ohun tó wà níbẹ̀ ni àmì ìmọ́lẹ̀ kan, bíńtín, tó ń sáré. Ibi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ṣì ń tàn díẹ̀, ibi tó ti kọjá tipẹ́ ti ṣú. Àmì kan ni. Mo tún un sọ: àmì kan ṣoṣo ni.

Láti òkè lápá òsì ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Á fa ìlà kan lọ sápá ọ̀tún, á yára padà sósì, á sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, á tún fa òmíràn. Ní Nàìjíríà níbí, ìlà 625 ló wà nínú odindi àwòrán kan, odindi àwòrán 25 ló sì ń lọ nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Kì í fa àwọn ìlà náà tẹ̀léra. Á kọ́kọ́ fa àwọn ìlà kan, á fo àárín wọn, nígbà tó bá délẹ̀ á padà sókè wá dí àwọn àárín tó fò. Nípa bẹ́ẹ̀, ìgbà 50 ló ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ojú wa ò sì ní lè mọ̀ pé ó ń ṣẹ́jú. Àwọn ará Amẹ́ríkà tí iná mànàmáná wọn ń yí nígbà 60 mú 525 àti 30 ní tiwọn. Àwa tí tiwa ń yí nígbà 50, a mú 625 àti 25.

Ẹ bá mi ṣe ìṣirò náà. 625 lọ́nà 25, ó jẹ́ ìlà 15,625 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí tẹlifíṣọ̀n bá fẹ̀ tó 40 sẹ̀ǹtímítà, àmì yẹn ń rin ohun tó ju kìlómítà mẹ́fà lọ nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, bí a bá ka ìlà tó ń fà nìkan. Bó bá jẹ́ láti ibi tí a wà yìí lọ sí Èkó ló ń lọ, nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú àáyá ni yóò fi débẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ̀yin lẹ lè gbọ́ ìrìn yẹn létí. Ṣé ẹ rántí pé èèyàn lè ti ẹnu ọ̀nà wọlé, kó mọ̀ pé tẹlifíṣọ̀n wà ní títàn bí wọ́n tilẹ̀ pa ohùn rẹ̀? Igbe tín-ín-rín kan wà tó ń dún. Ìgbà 15,625 yẹn ló ń dún bẹ́ẹ̀ lára fláíbáàkì, ẹ̀yà tó ń ṣe fólítì ńlá fún tíúbù. Etí àgbàlagbà kì í sábà gbọ́ ọ mọ́. Ìdí nìyẹn tí ìyá yóò fi máa bá ọmọ jiyàn pé kò sí ohun tó ń dún, tí ọmọ yóò sì máa di etí.

Ta ló wá ń ya àwòrán náà nígbà tí àmì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀? Ojú ẹ̀yin tí ẹ ń wò ni, àti ọpọlọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ ṣe é wò nílé: ẹ pa iná pálọ̀, ẹ tan tẹlifíṣọ̀n onítíúbù, ẹ na ọwọ́ yín síwájú rẹ̀, ẹ la ìka, kí ẹ sì máa jù ú sọ́tùn-ún sósì kíákíá. Ẹ óò rí ìka mẹ́wàá, ẹ óò rí ogún, wọn óò dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ tó ń bà wọ́n kì í ṣe èyí tó ń tàn láìdẹ́kun. Ẹni tó bá ti fi fóònù ya fídíò níwájú irú tẹlifíṣọ̀n bẹ́ẹ̀ ti rí i náà: ìlà dúdú fífẹ̀ kan á máa yí lórí rẹ̀. Kámẹ́rà fóònù kò ní irú sùúrù tí ojú èèyàn ní, ohun tó wà níbẹ̀ gan-an ló ń mú.

Ta ló kọ́kọ́ ronú pé a lè pín àwòrán sí ìlà kí iná sì máa fà á? Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ronú ẹ̀ nílùú tó yàtọ̀ síra, mi ò ní ka gbogbo wọn. Kenjiro Takayanagi ní Japan fi lẹ́tà kan ṣoṣo hàn lórí tíúbù lọ́dún 1926. Ṣùgbọ́n ìtàn Philo Farnsworth ló máa ń dùn mọ́ mi jù. Ọmọ àgbẹ̀ ni, ní ìpínlẹ̀ Idaho ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nígbà tó ń túlẹ̀ lóko, tó bojú wẹ̀yìn wo ebè tó ti kọ, ebè lẹ́yìn ebè, tó sọ fún ara rẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ náà la ṣe lè fi ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ka àwòrán, láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, ìlà lẹ́yìn ìlà. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹsàn-án ọdún 1927, ní San Francisco, nígbà tó di ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, ó fi àwòrán ránṣẹ́ láti iyàrá kan sí òmíràn. Kí ni àwòrán náà? Ìlà kan ṣoṣo. Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ tí ẹ ń ti oko wá kọ́ṣẹ́ nígboro, tí wọ́n ń fojú ará oko wò yín, ẹ gbọ́ o.

Ọ̀rọ̀ kejì: ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́rùn tíúbù

Ẹ jẹ́ ká lọ sí ọrùn, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀gá yín bá tú ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, ẹ ní kó pa iná ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ dúró níbi tó jìnnà díẹ̀, kí ẹ wo ọrùn gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn. Ẹ óò rí ohun kan tó ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú nínú rẹ̀. Híta nìyẹn. Nínú ọ̀pọ̀ tíúbù, fólítì 6.3 péré ló ń jẹ. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló wà fún un: kó mú kátóòdù gbóná. Kátóòdù jẹ́ irin kékeré tí wọ́n fi èròjà báríọ́ọ̀mù kùn lójú. Bó bá ti gbóná tó, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù á máa fò jáde lójú rẹ̀.

Ṣé ẹ rántí pé láyé ìgbà yẹn, bí a bá tan tẹlifíṣọ̀n, ohùn ló máa ń kọ́kọ́ jáde? Ẹ óò gbọ́ ìlù, ẹ óò gbọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, gíláàsì á ṣì dúdú kirikiri. Àwọn bàbá wa á ní, "Ẹ ní sùúrù, ó ń gbóná." Òótọ́ pọ́ńbélé ni wọ́n sọ. Ohùn kò nílò kátóòdù inú píkíṣọ̀ tíúbù, àwòrán nílò rẹ̀.

Níwájú kátóòdù ni gíríìdì wà, irin tó ní ihò kékeré kan láàárín. Láàárín àwọn méjèèjì yìí ni àmì àwòrán tó ń ti afẹ́fẹ́ wá ti ń ṣiṣẹ́. Bí àwòrán bá fẹ́ funfun, ọ̀pọ̀ ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù á rí ọ̀nà gbà kọjá. Bó bá fẹ́ eérú, díẹ̀ ni yóò kọjá. Bó bá fẹ́ dúdú, gíríìdì á tì wọ́n padà pátápátá. Dúdú tí ẹ ń rí lórí gíláàsì yẹn, kò sí ẹni tó kùn ún. Ibi tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kò dé ni.

Èyí tó bá kọjá, fólítì ńlá tó wà níwájú ló ń fà á. Nínú tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀, ó lè tó 25,000. Ẹ gbọ́ bí eré tó ń bá lọ ti pọ̀ tó: nǹkan bí 90,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tó sún mọ́ ìdá kan nínú mẹ́ta eré ìmọ́lẹ̀. Nínú pálọ̀ yín ni, níbi tí màmá ti ń ṣa ẹ̀wà! Nígbà tó bá fi eré yẹn gbá ẹ̀yìn gíláàsì, ibi tí wọ́n kùn ní ètù tí wọ́n ń pè ní fọ́sífọ̀, ètù náà á tàn. Ìmọ́lẹ̀ tí a ń rí nìyẹn.

Kí nìdí tí kò fi gbọ́dọ̀ sí afẹ́fẹ́ nínú tíúbù? Nítorí pé bí afẹ́fẹ́ bá wà níbẹ̀, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù á máa kọlù ú, kò ní dé ojú. Ẹ wo ọrùn tíúbù dáadáa, ẹ óò rí ojú ibì kan tó ń dán bíi dígí. Báríọ́ọ̀mù ni wọ́n jó síbẹ̀ nílé iṣẹ́, kó lè máa gbé ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ tó bá ṣẹ́kù mì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: bí ibi tó ń dán yẹn bá ti di funfun bíi mílíìkì, afẹ́fẹ́ ti wọlé, ọrùn ti sán níbì kan. Ẹ má wulẹ̀ fi tẹ́sítà wá àìsàn kankan mọ́. Tíúbù ti tán.

Bó sì bá jẹ́ kátóòdù ló rẹ̀, èyí tó máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, oníbàárà á sọ fún yín pé, "Ó máa ń pẹ́ kó tó mọ́lẹ̀, bó bá sì mọ́lẹ̀, ojú rẹ̀ á ṣókùnkùn." Ẹ̀rí nìyẹn. Èròjà tí wọ́n kùn sójú kátóòdù ló ti ń tán lọ. Àwọn kan máa ń fi fólítì kún híta kó lè gbóná sí i. Ó máa ń ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà kátóòdù á kú pátápátá. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é, kó sọ òótọ́ fún oníbàárà kó tó gbowó lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ orúkọ méjì. Ọdún 1897 ni, ọdún kan náà. Ní Cambridge, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, J. J. Thomson fi hàn pé ìtànṣán tó ń jáde láti ara kátóòdù jẹ́ ẹyọ ẹyọ ohun kan tó kéré gan-an ju átọ́ọ̀mù lọ. Bí a ṣe mọ ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù nìyẹn. Ní Strasbourg, tó wà lábẹ́ Jámánì nígbà náà, Ferdinand Braun ṣe tíúbù kan tí òòfà lè máa yí ìtànṣán inú rẹ̀, kó lè fojú rí bí iná mànàmáná ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Kì í ṣe tẹlifíṣọ̀n ló ń wá. Ó fẹ́ rí iná lójú ni. Ọmọ tíúbù yẹn ni ọsilosíkópù, ẹ̀rọ tó ń fi ìrìn iná hàn lójú, tí ẹ̀yin tí ẹ lọ sí Pólì ń lò, ọmọ rẹ̀ náà sì ni tẹlifíṣọ̀n.

Ìbàdàn ńkọ́?

Ǹjẹ́ ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ yìí ní Ìbàdàn kí n má dárúkọ Agodi? Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, ṣí WNTV, ìyẹn Western Nigeria Television, ní Agodi nílùú yìí. Àwọn ará Mòrókò ti ní tẹlifíṣọ̀n ṣáájú wa lókè lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n ní gbogbo ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú, ní ìsàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà, ìlú Olúyọ̀lé ló kọ́kọ́ gbé e sáfẹ́fẹ́.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà náà. Kámẹ́rà ayé ìgbà yẹn, tíúbù ló wà nínú òun náà. Ní Agodi, ìtànṣán ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ń ka ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ìlà lẹ́yìn ìlà. Ní Òkè-Àdó, nílé ẹni tó ra tẹlifíṣọ̀n, ìtànṣán mìíràn ń kọ ojú kan náà sórí gíláàsì, ìlà lẹ́yìn ìlà. Àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ jọ máa rìn. Bí ti Agodi bá bẹ̀rẹ̀ ìlà tuntun, ti Òkè-Àdó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ náà. Kí ló ń sọ fún un? Àmì kékeré kan wà tí Agodi ń fi ránṣẹ́ ní òpin ìlà kọ̀ọ̀kan, àti òmíràn ní òpin àwòrán. Àwòrán tó ń yí gbirigbiri láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, tí àwọn bàbá wa máa ń gbá tẹlifíṣọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ nítorí ẹ̀, àmì òpin àwòrán yẹn ni kò gbọ́ dáadáa. Kọ́ńtíróòlù kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n fi ń tún un ṣe. Gbígbá tí wọ́n ń gbá a kò wo nǹkan kan sàn, àfi níbi tí sódà, irin yíyọ́ tó so ẹ̀yà mọ́ bọ́ọ̀dù, bá ti ya.

Ọ̀rọ̀ kẹta: òòfà tó ń darí rẹ̀

Ibí yìí ni mo fẹ́ pẹ́ sí, nítorí ibí yìí ni àwọn oníṣẹ́ wa ti ń jẹ oníbàárà níyà.

Bí ìtànṣán ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù bá jáde lọ́rùn tíúbù tí kò sí ohun tó yí i, àárín gíláàsì gbáko ló máa lọ gbá, àmì kan á wà níbẹ̀ tó mọ́lẹ̀ rokoṣo. Kọ́ìlì wáyà kọ́pà tó wọ ọrùn tíúbù bí ẹ̀gbà ló ń yí i. Ọ̀nà méjì ni kọ́ìlì yẹn. Ọ̀kan ń jù ú sósì sọ́tùn-ún, nígbà 15,625. Èkejì ń jù ú sókè sísàlẹ̀, nígbà 50. Iná tó ń kọjá nínú kọ́ìlì ló ń sọ ọ́ di òòfà, òòfà ló sì ń tẹ ọ̀nà ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù.

Ó dáa. Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́, ẹ dá mi lóhùn. Oníbàárà gbé tẹlifíṣọ̀n wá. Ohùn ń dún. Gíláàsì ṣókùnkùn, àfi ìlà funfun kan tó mọ́lẹ̀ gan-an tó dábùú àárín. Kí ló kú?

(Àwọn kan dáhùn pé tíúbù ni.)

Rárá o! Bí tíúbù bá kú, ta ló ń fa ìlà yẹn? Ẹ ronú sí i. Ìlà yẹn dé òsì, ó dé ọ̀tún. Ó túmọ̀ sí pé híta ń gbóná, kátóòdù ń ṣiṣẹ́, fólítì ńlá wà níbẹ̀, kọ́ìlì òsì-sí-ọ̀tún ń ṣiṣẹ́. Kí ló kù? Òkè-sísàlẹ̀. Iyẹn nìkan ló kú. Ẹ yára mú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀ kó má jó ètù gíláàsì, kí ẹ tó lọ wo áísì, ẹ̀yà kékeré ẹlẹ́sẹ̀ púpọ̀ orí bọ́ọ̀dù, tó ń bọ́ kọ́ìlì òkè-sísàlẹ̀.

Màmá kan wà ní Òkè-Àdó, ọkọ rẹ̀ ti ṣaláìsí, tẹlifíṣọ̀n tí bàbá náà fi sílẹ̀ ni èyí tó ń wò. Ìlà dábùú yìí ló yọ lójú rẹ̀. Oníṣẹ́ kan tó kọ́kọ́ lọ bá sọ fún un pé tíúbù ti kú, ó sì ka owó tíúbù lé e lórí. Ẹ̀gbọ́n kan ló ní kí wọ́n gbé e wá sọ́dọ̀ mi. Mo tú u, mo fi dígí alásọdińlá wo ẹsẹ̀ áísì yẹn. Ẹsẹ̀ kan wà tí sódà rẹ̀ ti ya yíká, òrùka dúdú tín-ín-rín kan hàn láàárín sódà àti irin. Mo gbé irin sódà lé e, mo fi sódà tuntun sí i. Àwòrán là. Màmá náà kò sọ̀rọ̀, ó kàn jókòó sórí bẹ́ńṣì ó ń wò ó. Ẹ̀yin ará mi, owó tíúbù ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ opó nítorí sódà tí kò tó ẹ̀kún èékánná! Kì í ṣe pé oníṣẹ́ yẹn burú. Kò mọ ọ̀nà tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ń gbà ni. Inú mi ṣì ń bàjẹ́ bí mo bá rántí rẹ̀.

Ẹnìkan na ọwọ́ sókè níwájú níbí. Ẹ sọ̀rọ̀, bọ̀ọ̀dá.

(Ó béèrè pé: kí ló dé tí a kì í rí ìlà tó dúró gbọọrọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, nígbà tí òsì-sí-ọ̀tún bá kú?)

Ìbéèrè àgbà nìyẹn. Ìdáhùn rẹ̀ rèé. Nígbà tí ìtànṣán bá dé ìpẹ̀kun ọ̀tún, ó gbọ́dọ̀ yára fò padà sósì. Ìyára ìpadàbọ̀ yẹn máa ń ta iná kan jáde nínú kọ́ìlì, fláíbáàkì ló ń gba iná yẹn, òun ló ń sọ ọ́ di fólítì 25,000 tó ń fa ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù. Ibì kan náà ni òsì-sí-ọ̀tún àti fólítì ńlá ti ń jẹun. Bí òsì-sí-ọ̀tún bá kú, fólítì ńlá náà á kú, gíláàsì á ṣókùnkùn biribiri. Ìlà òòró kì í yọ àfi bó bá jẹ́ wáyà kọ́ìlì nìkan ló já, tí àwọn yòókù ṣì ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá rí i, ẹ ti mọ ibi tí ẹ óò lọ.

Ẹ tún gbọ́ òmíràn, èyí tó máa ń da àwọn ọmọ iṣẹ́ láàmú. Bí fólítì ńlá bá rẹ̀, ṣé àwòrán á kéré ni àbí á tóbi? Ọ̀pọ̀ yín á ní á kéré. Títóbi ló máa tóbi, á sì ṣókùnkùn, á ṣe bàìbàì. Ìdí ni pé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kò sáré tó bó ṣe yẹ mọ́, ó ń pẹ́ lábẹ́ òòfà, òòfà á sì rí i tẹ̀ jù. Nítorí náà, àwòrán tó bá ń wú bí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti ń pọ̀ sí i, fláíbáàkì àti wáyà rẹ̀ ni kí ẹ fura sí. Ní àkókò òjò, tí ọ̀rinrin bá ti wọ inú eruku tó lẹ̀ mọ́ ibi tí wáyà ńlá ti wọ tíúbù, ẹ óò gbọ́ ṣá-ṣá-ṣá, ẹ óò máa gbóòórùn bí ìgbà tí àrá bá sán. Ẹ pa á, ẹ nù ún, ẹ jẹ́ kó gbẹ.

Òòfà kò sì mọ èyí tí ilé iṣẹ́ fi síbẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí ẹ gbé wá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan pè mí lọ sílé rẹ̀ ní Bódìjà, ó ní tẹlifíṣọ̀n òun tuntun ti ń kun ojú àwọn agbábọ́ọ̀lù ní àwọ̀ ewé lápá ọ̀tún. Mo dé ẹnu ọ̀nà, mi ò tíì wọlé tán, mo ti rí sípíkà ńlá tó gbé tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Òòfà inú ẹ̀ ló ń yí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kúrò lọ́nà. A gbé e jìnnà, a pa tẹlifíṣọ̀n, nígbà tó tutù a tún un tàn. Ó dún "bùùù" bó ṣe máa ń dún. Kọ́ìlì ńlá kan tó yí gíláàsì ká ló ń dún bẹ́ẹ̀, òun ló ń nu òòfà àjèjì kúrò lára rẹ̀. A tún un ṣe bẹ́ẹ̀ díẹ̀, àwọ̀ náà lọ.

Ti àwọ̀ ńkọ́?

Èyí ò ní pẹ́. Nínú tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀, ìbọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù mẹ́ta ló wà lọ́rùn: ti pupa, ti àwọ̀ ewé, ti búlúù. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kò láwọ̀ o, ètù tí wọ́n ń gbá ló láwọ̀. Lẹ́yìn gíláàsì ni páànù irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà tó ní ihò tó lé ní ọ̀kẹ́ mẹ́wàá. Igun tí ìbọn kọ̀ọ̀kan ti ń yìn gba inú ihò ló ń jẹ́ kó bá ètù tirẹ̀ nìkan. Èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ni kì í rí ihò wọlé, ara páànù ni wọ́n ń gbá, wọ́n sì ń di ooru. Ẹ fi dígí alásọdińlá wo gíláàsì tẹlifíṣọ̀n níbi tí àwọ̀ yẹ́lò bá wà. Ẹ ò ní rí yẹ́lò kankan. Pupa àti àwọ̀ ewé lẹ óò bá níbẹ̀, tí wọ́n fara ti ara wọn. Bí àwòrán bá ti wá sọ pupa nù, tí ojú gbogbo èèyàn di bíi ti òkú, ó lè jẹ́ kátóòdù pupa ló rẹ̀, ó sì lè jẹ́ ara bọ́ọ̀dù ọrùn ni. Ẹ wọn fólítì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ fi wọ́n wéra kí ẹ tó sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn: iná, gíláàsì àti òjé

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dẹtí sí mi níbí ju ibi yòókù lọ.

Àkọ́kọ́, iná. Wọ́n fi èédú kun inú tíúbù, wọ́n fi kun ẹ̀yìn rẹ̀, gíláàsì wà láàárín. Kàpásítọ̀ nìyẹn, ohun tó ń tọ́jú iná pamọ́. Bí ẹ tilẹ̀ ti yọ wáyà kúrò lógiri, iná ṣì lè wà nínú rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ tí kò bá tíì rí i kí ọ̀gá rẹ̀ tú iná yẹn dànù lójú rẹ̀, kó má fọwọ́ kan ìdérí rọ́bà tó bo ibi tí wáyà ńlá ti wọ tíúbù. Bí kò bá tilẹ̀ pa á, ó lè ta á nù kó lọ forí gbá nǹkan.

Èkejì, gíláàsì. Òfìfo ló wà nínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ ayé sì ń tì í láti ìta. Lórí gíláàsì ínṣì 21, gbogbo ohun tó ń tì í ju 1,000 kìlógíráàmù lọ. Bó bá fọ́, inú ló ń kọ́kọ́ wó sí, lẹ́yìn náà àfọ́kù rẹ̀ á fò jáde.

Ẹ̀kẹta ni òjé, òun ló ń dùn mí jù. Nígbà tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń sáré tó bẹ́ẹ̀ bá dúró lójijì, ìtànṣán bíi ti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ya àyà ní ọsibítù máa ń jáde. Kó má bàa bà wá lára ni wọ́n ṣe po òjé mọ́ gíláàsì. Òjé inú tíúbù aláwọ̀ kan lè lé ní kìlógíráàmù kan. Níwọ̀n ìgbà tó bá wà nínú gíláàsì tó pé, kò ṣe wá ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n kí là ń rí báyìí? Àwọn tó ń ra kọ́ńdẹ́ẹ̀mù kiri á gbé tíúbù, wọ́n á là á mọ́ òkúta nítorí kọ́ìlì kọ́pà tó wà lọ́rùn rẹ̀, wọ́n á da ìyókù sétí odò Ògùnpa tàbí lẹ́yìn ilé ìwé. Àfọ́kù á lọ, ètù á fẹ́, òjò á rọ̀ sí i. Òjé kì í dọ́gba pẹ̀lú ìdọ̀tí yòókù. Ọpọlọ ọmọdé ló ń lọ bá. Ẹ rántí Zamfara lọ́dún 2010, tí òjé inú ilẹ̀ wúrà pa ọmọdé tó tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Kì í ṣe tẹlifíṣọ̀n ló fà á níbẹ̀, ṣùgbọ́n òjé kan náà ni.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí yín nìyí. Bí oníbàárà bá fi tẹlifíṣọ̀n onítíúbù sílẹ̀ fún yín, ẹ má ta á fún ẹni tí yóò fọ́ ọ. Ẹ yọ kọ́ìlì fúnra yín pẹ̀lú súkúdíráfà, bí ẹ bá ń fẹ́ kọ́pà rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí tíúbù wà lódidi, kí ẹ dojú rẹ̀ kọ ilẹ̀ lórí aṣọ, níbi tí ọmọdé kò lè dé. Kí ẹgbẹ́ wa jọ kó wọn pọ̀ sójú kan, ká sì rán èèyàn lọ bá àwọn tó ń bójú tó àyíká nípìnlẹ̀ yìí, kí wọ́n sọ ibi tí a óò kó wọn lọ fún wa. Tèmi wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, mo ti fi tapólì bò wọ́n, mo sì ṣetán láti jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó máa gbé wọn wá.

Ẹ ṣeun tí ẹ gbọ́ mi. Ọmọ iṣẹ́ tó bá ní ìbéèrè, kó bọ́ síwájú kó wá bi mí.